Ihò Tí Olè Tún Ṣe ní Tangzugu

Ibi tí ẹ̀rọ omi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ńlá ti ṣófo. Rọ́bà gígùn tó fi ń fa omi ṣì wà nílẹ̀, ẹnì kan sì ti ká a róbótó, ó tì í sábẹ́ ibòji kí oòrùn má baà là á. Kadi Zerbo, ọ̀gá mi, tẹjú mọ́ rọ́bà náà títí ó fi sú mi.

"Nobila, irú olè wo ló máa ń ká rọ́bà kó tó lọ?"

"Olè tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni, ọ̀gá."

"Tàbí olè tí kò fẹ́ kó bàjẹ́. Lo orí ẹ, ẹrú mi."

"Ẹrú ta? Ṣebí bàbá yín ló ń gé koríko fún ẹṣin bàbá mi!"

Ọdún kẹrin rèé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Wahiguya, kò sì sí ọjọ́ tí kò pè mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀yà Sàmó ni, ọmọ ẹ̀yà Mósì ni èmi. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni a ti ń bú ara wa, tí a ń jà lórí ta ni ẹrú ta. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi, ẹni tó bá sì gba èébú láìdá a padà, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Ẹ̀fẹ̀ wa kò pa Ọ̀gbẹ́ni Tapsoba lẹ́rìn-ín rárá. Òun ni aṣojú àwọn òyìnbó olùrànwọ́ ní Tangzugu, òun náà ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Òógùn ti mú kí aṣọ funfun tó wọ̀ rin gbingbin lẹ́yìn.

"Ọ̀gá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni àwọn tó fún wa ní ẹ̀rọ yìí ń bọ̀ wá wò ó," ó ní. "Tí wọn ò bá bá a níbí, abúlé Sologo ni wọ́n máa gbé ìrànwọ́ lọ. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Ogójì obìnrin ló gbin àlùbọ́sà sórí ilẹ̀ yìí. Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

"Ìgbà wo ló sọnù?"

"Ọjọ́ ọjà tó kọjá, ó di ọjọ́ kẹta lónìí. Lọ́sàn-án gangan, gbogbo abúlé ti lọ sọ́jà. Nígbà tí a fi máa dé, kò sí mọ́."

"Ọjọ́ kẹta, ẹ wá ń pè wá lónìí?"

"Mo rò pé mo lè wá a rí fúnra mi." Ó nu ojú. "Ẹ má da ara yín láàmú púpọ̀. Belko ni, Fúlàní tó ń da màlúù lẹ́yìn oko yẹn. Ó búra lójú gbogbo wa pé ẹ̀rọ yìí ò ní pẹ́ níbí. Ẹ lọ mú un."

Mo ti ń wo ilẹ̀ ní tèmi. Lójú ọ̀nà tó kọjá lẹ́yìn ọgbà, mo rí ipa táyà ọmọlanke tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, ó rì wọlẹ̀ gan-an, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ti ní láti wúwo. Inú mi dùn, mo sáré tẹ̀lé e, n kò tilẹ̀ dágbére. Ó mú mi gba iwájú mọ́ṣáláṣí, ó mú mi gba ìdí igi ńlá kan, ó sì já mi sílẹ̀ lójú bàbá kan tó ń mọ bíríkì. Iyẹ̀pẹ̀ ló fi ọmọlanke náà kó. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ra bíríkì.

Nígbà tí mo padà dé, Zerbo kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ bíríkì kúrò léjìká mi, ó ní ká lọ kí Fúlàní náà.

Belko jókòó sẹ́nu àgọ́ rẹ̀, ó ń hun okùn. Ó ti mọ ohun tí a bá wá.

"Mo búra, bẹ́ẹ̀ ni," ó ní kí a tó béèrè. "Tí ẹ bá fẹ́, mo tún lè búra náà báyìí."

"Ẹ̀rọ ṣẹ̀ ẹ́ ni?" Zerbo béèrè.

"Adágún kékeré wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, àwọn màlúù wa máa ń mu níbẹ̀ títí òjò fi máa tún dé. Ọdún méjì rèé tí ẹ̀rọ yẹn dé. Lọ́dún yìí, ọyẹ́ ò tíì le tí ilẹ̀ adágún fi là. Báyìí, ìrìn ààbọ̀ ọjọ́ ni mò ń dà wọ́n kí wọ́n tó rí omi mu. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n máa kọrin ìyìn fún un?"

"Níbo lo wà lọ́jọ́ ọjà?"

"Níbi omi. Ẹ bi àwọn tó kù tí a jọ lọ."

"Ó rọrùn láti sọ," mo dá sí i.

Belko wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọlọ́pàá, tó bá jẹ́ èmi ni, màlúù mélòó ni mo fẹ́ fi gbé e? Ẹ lọ wo oko tó wà láàárín wa. Ẹ wá sọ fún mi bí ẹ bá rí pátákò kan níbẹ̀."

Lóòótọ́, oko ihò ló wà láàárín àgọ́ Belko àti kànga. Àwọn tó bá mọ ọ̀dọ̀ wa mọ ohun tí mò ń wí. Ilẹ̀ tó ti le bí àwo ni a máa ń gbẹ́ ihò kéékèèké sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, a ó da ajílẹ̀ sí i, a ó fi í sílẹ̀ de òjò àkọ́kọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò ló wà lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Màlúù méjì péré ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di jágajàga. A wò ó láti òkè délẹ̀, kò sí pátákò kankan.

"Belko kọ́," mo gbà. "Ó yẹ kó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n gbà."

Zerbo ti lóṣòó sí etí oko, ó ń wo ihò kan, ó wo èkejì, ó wá dìde, ó wo iwájú.

"Ẹrú mi, ọmọ àgbẹ̀ lo pe ara ẹ. Kí ló ṣe ihò yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i, ojú sì tì mí. Ọyẹ́ ti fẹ́ lu àwọn ihò yòókù, etí wọn ti gbẹ, ó ti funfun. Etí èyí dúdú, ilẹ̀ tútù tó wá látìsàlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta. Ẹnì kan ti fi ọkọ́ tún un ṣe láìpẹ́. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ síwájú, mo rí òmíràn. Lẹ́yìn èyí, òmíràn. Wọ́n tò tẹ̀léra wọn láti ẹ̀yìn kànga, wọ́n la oko já.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wọn ṣe ni," mo ní. "Ṣùgbọ́n ta ló ń fo ihò mẹ́ta kó tó tún ẹyọ kan ṣe?"

"Ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́. Tí ẹrù bá wúwo lórí ènìyàn, ṣé ó lè wo ẹsẹ̀?"

"Kò lè wò ó."

"Ó gbé ẹrù dé ibi tó ń lọ, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Olè tó gbọ́n á lọ sílé. Kí ló dé tí èyí fi padà wá pẹ̀lú ọkọ́, tó ń tún ihò ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ya ọ̀nà tó gbà sílẹ̀ fún wa?"

Ìbéèrè náà dùn mí lára, nítorí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìyá mi wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ kan, ó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ewúrẹ́ tẹ ihò kan fọ́ lójú rẹ̀. Ó ká ìró sókè, ó wá ọkọ́, ó tún un ṣe, ó sì pẹ́ dé ibi ìkómọ. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ rí lórí ilẹ̀ wa tó lè rí èyí tó wó kó kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbà fún un.

"Ó jẹ́ àgbẹ̀," mo ní. "Ọmọ ibí ni. Belko kì í dáko, Ọ̀gbẹ́ni Tapsoba sì ti ìlú ńlá wá, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ihò ń bàjẹ́."

"Ó ṣe díẹ̀ kí orí ẹ tó jí, àmọ́ ó ti jí."

A tẹ̀lé àwọn ihò tútù náà. Ibi òkìtì ajílẹ̀ ńlá kan létí oko ni wọ́n parí sí. Tapsoba ti bá wa níbẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

"Òkìtì ta nìyí?" Zerbo bi í.

"Ti Ìyá Pogbi, olórí àwọn obìnrin ọgbà." Ó lanu, ó pa á dé, ó tún là á. "Rárá o! Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ yẹn tó kílò márùndínlọ́gbọ̀n. Obìnrin kò lè gbé e."

"Tapsoba, ìgbà wo lo pọnmi gbẹ̀yìn?"

Mo ronú nípa ìkòkò omi tí àwọn ìyá wa ń fi orí rù láràárọ̀, mo sì mọ̀ pé kò fúyẹ́ jù ú lọ.

Mo ti tẹ ọwọ́ sí òkìtì náà kí Zerbo tó dá mi dúró. "A mọ ibi tó wà. A ò tíì mọ ìdí. Jẹ́ ká lọ kí àwọn ẹrú mi."

Kànga tí abúlé ń mu omi rẹ̀ wà níwájú díẹ̀ sí ti ọgbà. Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ló ń fa omi níbẹ̀. Bí a ṣe yọ, Zerbo ké sí wọn láti ọ̀ọ́kán:

"Ẹ̀yin ẹrú mi! Mo gbọ́ pé ẹ ti ta ẹ̀rọ òyìnbó, ẹ ti fi ra ẹ̀pà jẹ!"

Lọ́tùn-ún lósì ni èsì ń bọ̀. "Sàmó dé! Ẹ gbé ìkòkò yín pamọ́!" "Ta ló tú ọ̀kan sílẹ̀ lórí okùn?" "Ìwọ la fẹ́ tà, ṣùgbọ́n owó ẹ ò tó ra ẹ̀pà!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn léjìká. Ọ̀kan da omi sí Zerbo lẹ́sẹ̀.

Ìyá Pogbi nìkan kò sọ nǹkan kan. Àgbà obìnrin ni, ó ga, ó gbẹ, apá rẹ̀ le. Ó bu omi sínú igbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ̀gá mi.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ó ní. "Mu omi."

Ìyá àgbà Mósì tó fi èébú ọmọ Sàmó sílẹ̀ láìdá a padà! Zerbo gba igbá, ó mu ún, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. Ó rọra gba okùn kànga lọ́wọ́ obìnrin tó sún mọ́ ọn, ó ń fà á gba àárín ìka rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

"Okùn yìí ní àsomọ́ mẹ́ta," ó ní. "Ìgbà wo lẹ so èyí tó jẹ́ búlúù mọ́ ọn?"

"Ọdún tí ẹ̀rọ dé," obìnrin náà dáhùn. "Korobá ò débi omi mọ́."

"Èyí ńkọ́?"

"Èyí jẹ́ ọdún tó kọjá."

"Èyí tí wọ́n fi rọ́bà táyà ṣe?"

"Oṣù tó lọ."

"Ó gbẹ," Zerbo ní. "Ẹ ń fa omi lọ́wọ́, èyí tó kẹ́yìn ò sì tutù."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Láti àná ni. Omi ti ń gòkè. Ọlọ́run ló ṣe é."

Zerbo dá okùn padà. Ó mú Ìyá Pogbi lọ sábẹ́ igi òrí, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo dúró sẹ́yìn wọn.

"Ṣé kí n lọ hú u fúnra mi, àbí ẹ máa sìn mí lọ?" ó bi í.

Ìyá àgbà wo ọwọ́ rẹ̀. "Kí ló fi mí hàn?"

"Ihò tí ẹ tún ṣe."

"Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ báyẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Oko àwọn ọmọ-ìyá ọkọ mi ni. Ó ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ tán."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ olórí ọgbà. Àlùbọ́sà yín ni ẹ̀rọ ń bu omi rin. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

"Ṣé àlùbọ́sà la ó mu ni?" Ohùn rẹ̀ gòkè. "Ó ń fa omi kànga ọgbà, kànga mímu ń gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún Tapsoba. Ó ní ẹ̀rọ tó tóbi ju èyí lọ ń bọ̀. Nígbàkigbà tí àwọn òyìnbó bá dé, á tan ẹ̀rọ, omi á tú jáde, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á yà wá ní fọ́tò, wọ́n á wọ mọ́tò. Kò sẹ́ni tó wá síbi kànga yìí rí. Mo ní tí wọn ò bá bá ẹ̀rọ lónìí, wọ́n á béèrè bí a ṣe ń rí omi. Ibí ni mo fẹ́ mú wọn wá. Omi á sì ti gòkè díẹ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

"Tí wọ́n bá gbé ìrànwọ́ lọ sí Sologo ńkọ́?"

Mo rí i pé omi dé ojú Ìyá Pogbi. "Gbogbo òru ni mo fi ń rò ó. Ogójì obìnrin. Tí mo bá bà á jẹ́ fún wọn, ṣé wọ́n á dárí jì mí?"

Ó ṣe mí láàánú gan-an. Eruku mọ́tò ti ń yọ lókè ọ̀nà.

Ìyá Pogbi fúnra rẹ̀ ló hú ẹ̀rọ náà jáde kúrò nínú ajílẹ̀. Ó ti fi ìró rẹ̀ tó dára jù lọ wé e, ó sì tún ti fi ọ̀rá bò ó lórí, eruku kan ò wọ inú rẹ̀. Inú bí Tapsoba gan-an.

"Ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ sí i lọ́wọ́! Ohun ìní àwọn èèyàn ló jí! Mo fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn."

"Tapsoba, ọmọ Mósì ni ẹ́, àbí?" Zerbo béèrè.

"Kí ló kan ìyẹn?"

"Obìnrin yìí, ẹrú mi ni. Ìwọ náà, ẹrú mi ni ẹ́. Ẹrú mi kan gbé ẹrù lọ́wọ́ ẹrú mi kejì, inú ilé mi ni ẹrù wà. Níbo ni olè ti wọ̀ ọ́?" Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì nínú erùpẹ̀, tòun taṣọ ọlọ́pàá. "Mo bẹ̀ ẹ́. Sàmó ló ń bẹ ẹ́."

Gbogbo àwọn obìnrin ti pagbo yí wa ká. Ojú Tapsoba ń sá kiri. Kò sí ọmọ Mósì tó lè kọ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn lójú àwùjọ kó sì tún gbé orí sókè ní Wahiguya. Ó tutọ́, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin Sàmó yìí náà," ó kùn. "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni," Zerbo ní. "Ìyá á sọ̀rọ̀, wàá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí."

Àwọn mẹ́ta ló sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Obìnrin kan tó ti ń hu ewú, Annelie, ni olórí wọn. Ó wo ẹ̀rọ nílẹ̀, pẹ̀lú ajílẹ̀ lára ìró tí wọ́n fi wé e, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Pogbi kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó sọ ọ́ láti orí dé ìdí, ó sọ ti okùn, ó sọ ti adágún Belko.

Tapsoba gbọ́ ọ tán. N kò fi bò, ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, mo sì ti ń múra láti já irọ́ rẹ̀, nítorí èmi náà gbọ́ Faransé. Ó wo Ìyá Pogbi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bó ṣe rí, ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀.

Annelie bi í pé, "Ta ló ti sọ èyí fún ọ tẹ́lẹ̀?"

"Òun ni," Tapsoba dáhùn. "Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò kọ ọ́ sí yín."

Annelie rìn lọ síbi kànga mímu, ó gba okùn, ó fa omi fúnra rẹ̀ títí ó fi mí hẹlẹhẹlẹ. Ó fi ìka kan àsomọ́ tó gbẹ àti èyí tó tutù. Ó wá yíjú sí Ìyá Pogbi, ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè rí ní Tangzugu.

"Kí ni ẹ̀yin fẹ́?"

Ìyá Pogbi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Lọ́rì kan."

"Lọ́rì?"

"Ká fi kó òkúta. Níbi tí ọmọ mi lọ́kọ sí, wọ́n to òkúta ní ìlà ní ìlà sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀. Òjò kì í sáré kọjá lọ mọ́, ilẹ̀ ń mu ún, omi kànga wọn sì ti gòkè. Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta tó wà nítòsí ti tán, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò sì lè lọ dé orí òkè jíjìn. Ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò burú. Kí ẹ̀rọ ńlá yẹn dúró lọ́dọ̀ yín ná."

Ni gbogbo àwọn obìnrin bá bú sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ń nawọ́ sí ibi tó yẹ kí òkúta wà. Annelie ní kí Tapsoba túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò ní ṣèlérí ohun tí òun kò tíì rí gbà, ṣùgbọ́n ìrànwọ́ kò ní kúrò ní Tangzugu, òun yóò sì lọ jà fún lọ́rì.

Ó jà fún un. Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn náà, èmi àti Zerbo ń kọjá lọ síbi ọ̀rọ̀ mìíràn, a rí lọ́rì tó ń já òkúta sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè oko. Ìlà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Belko wà níbẹ̀, àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tọmọtọmọ. Tapsoba náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ìwé àti bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá Ìyá Pogbi rìn lẹ́sẹ̀-lẹ́sẹ̀.

"Ìyá, mo fẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn dáadáa lọ́tẹ̀ yìí," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe ń tò ó."

Ìyá Pogbi gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọ inú irun ara rẹ̀, ó sì gbé òkúta kan lé e lápá.